Ẹranko Àtijọ́ Kì Í Ṣe Ti Òyìnbó Nìkan

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa tí ó yẹ kí a sọ ní gbangba kí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Àwọn òbí kan dá a lábàá pé kí a ṣe ọ̀nà ìwákiri kan fún àwọn ọmọ àti ẹbí wọn: kí a fi àpótí kéékèèké pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan, kí àwọn ọmọ máa fi ẹ̀rọ alágbèéká wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹranko àtijọ́ kan sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Àbá náà ti pín wa sí méjì. Àwọn kan ní eré òyìnbó ni, kí a gbé e sọnù. Àwọn kejì ní eré òyìnbó ni lóòótọ́, nítorí náà kí a rà á gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ti ṣe é, pẹ̀lú ère rọ́bà rẹ̀ àti ìwé Faransé rẹ̀, kí a kàn gbé e kalẹ̀. Èmi kò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Mo gbà pé kí a ṣe eré náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹranko ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni yóò kún inú àpótí wọ̀nyẹn, tí kò ní sí ẹyọ kan tí ó gbé orí ilẹ̀ Áfríkà rí láàrin wọn, mo tako ó pátápátá, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń jà lé lórí, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ń bú eré náà kò tíì béèrè bí wọ́n ti ń ṣe é. Geocaching ni orúkọ tí ayé ń pè é. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdènà kan kúrò lára GPS, ìyẹn ètò àwọn sátẹ́láìtì tí ń tọ́ka sí ibi tí ènìyàn wà lórí ilẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ aráàlú lè fi nǹkan bí mítà 100 ṣìnà. Láti ọjọ́ náà lọ, àṣìṣe rẹ̀ dín kù débi pé ènìyàn lè fi í wá igi kan ṣoṣo rí nínú igbó. Ní ọjọ́ kejì ìyẹn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé ike kan pamọ́ nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó kó ìwé, fídíò, kànnàkànnà àti agolo ẹ̀wà kan sínú rẹ̀, ó sì kéde nọ́mbà ibi tí ó wà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi rí i. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: mú nǹkan, fi nǹkan sílẹ̀, kọ orúkọ rẹ sínú ìwé tí ó wà níbẹ̀. Lónìí, irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí ó wà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹbí a máa jáde ní òwúrọ̀, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ, wọ́n a máa rìn láti ibùdó dé ibùdó, ohun tí wọ́n bá rí ní ibùdó kan ni yóò sì júwe èyí tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbà tí wọ́n ní kí a gbé e sọnù, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò bá wọn gbà. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa ń gbá ní Kétu àti ní Pobẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa, kò sì sí àgbà tí ó ní kí a gba á lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tìkára rẹ̀, èyí tí Kétu fi ń yangàn, tí UNESCO sì fi sínú ìwé ogún gbogbo ayé. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ti gbẹ́ ejò, ẹyẹ àti ọ̀nì sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nígbà tí alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú dé, wọ́n gbẹ́ àwọn náà síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti di ti òyìnbó nítorí èyí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun àjèjì tí ó bá wọlé tí onílé sì fún un ní ibi tí yóò jókòó, onílé ni yóò sìn.

N kò ní purọ́ pé ilẹ̀ wa ni geocaching ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dàgbà nínú àlọ́ àpamọ̀ kò lè pè é ní ohun tuntun pátápátá pé kí a fi ọ̀rọ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn tú u. Ọmọ ọdẹ mọ bí a ti ń tọ ipasẹ̀ ẹran láti orí koríko tí ó tẹ̀ títí dé etí omi. Àwọn tí wọ́n ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ̀ pé owó ẹyọ tí a so pọ̀ lè ru ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni eré yìí ń béèrè: kí ọmọ tú àlọ́, kí ó tọ ipasẹ̀, kí ó ka àmì. Bí àwọn ọmọ wa bá ti ń pàdánù ọgbọ́n wọ̀nyí nítorí pé ojú wọn kò kúrò lára ẹ̀rọ alágbèéká, kí ni ó burú nínú kí ẹ̀rọ náà gan-an mú wọn jáde kúrò nínú ilé?

Nísinsìnyí, mo yíjú sí apá kejì, àwọn tí wọ́n ní kí a ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní Yúróòpù. Ẹ ṣí àpótí rẹ̀ wò. Tyrannosaurus ni ẹ ó bá nínú rẹ̀, Triceratops, Stegosaurus. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ hú egungun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ló dé tí ọmọ Àjàṣẹ́ fi mọ orúkọ wọn kí ó tó mọ orúkọ ẹranko odò Wèmè? Kì í ṣe nítorí pé wọ́n tóbi ju gbogbo ẹranko àtijọ́ yòókù lọ. Ìtàn ni ó gbé wọn ga. Ní ọdún 1824, William Buckland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ egungun kan ní Megalosaurus, àkọ́kọ́ nínú irú wọn tí ó gba orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní 1842, Richard Owen, ọmọ ilẹ̀ kan náà, dá orúkọ tí gbogbo wọn ń jẹ́ sílẹ̀, dínósọ̀. Ní 1905, Henry Fairfield Osborn ní New York sọ Tyrannosaurus rex lórúkọ. Àwọn ìlú wọ̀nyí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá, wọ́n ní ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní sinimá lẹ́yìn náà. Nígbà tí fíìmù Jurassic Park jáde ní 1993, ó wọ ilé gbogbo ayé pẹ̀lú ẹranko tí àwọn tí ó ṣe é mọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn yin ohun tí ó wà ní ilé rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí àwa gbà pé ohun tí wọ́n kò yìn kò sí.

Ó sì wà. Kò jìnnà sí wa pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kọjá afárá Malanville ti wọ ilẹ̀ Niger. Ní apá Agadez nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ibì kan wà tí ń jẹ́ Gadoufaoua. Ní ọdún 1964, àwọn ará Faransé tí ń wá úráníọ̀mù kiri rí egungun tí ó ti di òkúta níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ Sarcosuchus, ìbátan ọ̀nì kan tí orí rẹ̀ nìkan gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ọdún 1966 ni ó gba orúkọ. Láti ibẹ̀ ni Philippe Taquet ti mú Ouranosaurus wá sójú ayé ní 1976, dínósọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga sókè bí ìgbòkun ọkọ̀. Níbẹ̀ náà ni Suchomimus wà, tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ọ̀nì, tí ó sì ń jẹ ẹja, orúkọ rẹ̀ jáde ní 1998. Níbẹ̀ ni Nigersaurus wà, tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1999, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ọkọ́, tí eyín rẹ̀ sì lé ní 500, pẹ̀lú àwọn tí ń dúró láti rọ́pò èyí tí ó bá jẹ. Nǹkan bí mílíọ̀nù 110 ọdún sẹ́yìn ni àwọn wọ̀nyí gbé ibẹ̀, nígbà tí odò ń ṣàn ní ibi tí ó di yanrìn gbígbẹ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a tún gbé orúkọ wọn yẹ̀ wò, nítorí ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ourane tí ó wà nínú orúkọ Ouranosaurus, orúkọ tí àwọn Túárẹ́ẹ̀gì ń pe awọ́nríwọ́n ni. Dínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn kan tún wà ní Niger tí ń jẹ́ Jobaria. Jobar ni ẹranko abàmì inú ìtàn àwọn Túárẹ́ẹ̀gì. Àwọn ni wọ́n ti mọ̀ pé egungun ńlá wà ní ilẹ̀ náà kí àwọn onímọ̀ tó dé, tí wọ́n sì ní ti Jobar ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé Áfríkà kò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ nípa ẹranko àtijọ́ kò tíì ka orúkọ wọn dáadáa. Àwọn aládùúgbò wa ti rí egungun náà, wọ́n sì ti fi ìtàn ara wọn dáhùn sí i.

Ǹjẹ́ ẹ fẹ́ èyí tí ó tún súnmọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹ lọ sí Tógò, sí Hahotoé àti Kpogamé, níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì tí wọ́n ń kó lọ sí Kpémé létí òkun. Ní 2014, Philip Gingerich àti Henri Cappetta tẹ ìwé jáde nípa egungun àbùùbùtán kan tí ó jáde láti inú fọ́sífétì yìí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Togocetus. Ó lé ní mílíọ̀nù 40 ọdún tí ó ti wà láyé. Ìdílé tí ó ti wá jẹ́ ti àwọn àbùùbùtán tí wọ́n ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, síbẹ̀ tí wọn kò tíì fi ilẹ̀ sílẹ̀ tán. Àbùùbùtán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí orúkọ Tógò wà ní iwájú orúkọ rẹ̀! Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, láti Àtàkpàmé dé Ìsàkẹ́tẹ́, ni ó ti gbọ́ orúkọ yìí rí? A ń kó fọ́sífétì náà tà, a kò sì kọ́ ọmọ wa ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa pàápàá ní ẹnu. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ńtì ní Onígbólò, láàrin Kétu àti Pobẹ̀, ìsàlẹ̀ òkun ni ó ti dì. Òkun bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà kan rí. Ọmọ tí ó bá ń gbé inú ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì náà kọ́, inú ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ni ó ń sùn. Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀ kò ní egungun kankan nínú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọmọ yín pé dínósọ̀ wà níbẹ̀. Òkúta tí ó yọ́ nínú ooru abẹ́ ilẹ̀, tí ó sì tutù díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì ti wà kí ẹranko eléegun kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbígbẹ. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́: pé òkè tí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ sá pamọ́ sí nígbà ogun dàgbà ju gbogbo dínósọ̀ lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé eré ọmọdé ni, pé mo ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun ìṣúra 26 láti ààfin Àgbómẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó lọ ní 1892, padà dé Kútọnù. Àwa ará Kétu kò gbàgbé pé ọmọ ogun Àgbómẹ̀ ni ó fọ́ ìlú wa ní 1886, síbẹ̀ inú wa dùn, nítorí a mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ogún padà sílé. Ṣùgbọ́n ère àti ìtẹ́ ọba nìkan kọ́ ni wọ́n kó kúrò ní Áfríkà. Láàrin 1909 àti 1913, ní Tendaguru ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tànsáníà lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà hú egungun dínósọ̀ lábẹ́ àṣẹ àwọn ará Jámánì. Boheti bin Amrani ni olórí wọn. Egungun tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní 200 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kó lọ sí Berlin. Orí àti èjìká ènìyàn ni ó gbé e dé èbúté Lindi. Egungun Giraffatitan tí ó dúró ní Berlin títí di òní, tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 13, láti ibẹ̀ ni ó ti wá. Spinosaurus ti Íjíbítì, tí Ernst Stromer sọ lórúkọ ní 1915, Munich ni wọ́n gbé egungun rẹ̀ sí. Nígbà tí bọ́ǹbù bà lé ilé náà ní oṣù kẹrin ọdún 1944, ó jóná ráúráú.

Ìbéèrè mi nìyí: ta ni yóò béèrè fún ohun tí kò mọ̀ pé òun ní? A béèrè fún ìtẹ́ ọba nítorí pé a mọ̀ pé ó wà. Ọmọ tí ó dàgbà pẹ̀lú èrò pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni ẹranko ńlá gbé rí kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Berlin, kò ní béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń wa fọ́sífétì ohun tí wọ́n ń ṣe sí egungun tí ọkọ́ wọn bá kàn, kò sì ní lọ kọ́ ìmọ̀ òkúta ní yunifásítì nítorí yóò rò pé kò sí iṣẹ́ fún òun ní ilé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìdí nìyí tí àpótí kékeré tí a ó fi pamọ́ sí ẹ̀yìn igi fi jẹ mí lógún.

Nítorí náà, kí a ṣe ọ̀nà náà ní tiwa. Àbá mi kò le. Kí ọ̀nà náà jẹ́ ọ̀nà àkókò: kí mítà 10 dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan. Kí àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán ẹgbẹ́. Ní mítà mẹ́ta péré, kí wọ́n bá àpótí kìn-ín-ní, tí ó dúró fún ènìyàn irú tiwa, nítorí egungun wa tí ó pẹ́ jù tí a tíì rí, ti Jebel Irhoud ní Mòrókò, jẹ́ nǹkan bí 300,000 ọdún. Kí wọ́n rin mítà 450 kí wọ́n tó bá àbùùbùtán Tógò. Ní mítà 660, ibẹ̀ ni àwọn dínósọ̀ ńlá ìgbẹ̀yìn ti parun. Kí Tyrannosaurus jókòó síbẹ̀, n kò lé e, ibùdó kan ṣoṣo ni kí ó gbà. Ní mítà 1,100, kí wọ́n bá àwọn ará Gadoufaoua, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n mu omi, nítorí àpótí yóò pọ̀ níbẹ̀. Ní mítà 1,500, kí Giraffatitan ti Tendaguru máa dúró dè wọ́n. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín yóò mọ ohun tí ìwé kò lè fi yé e: pé àlàfo àkókò láàrin Giraffatitan àti Tyrannosaurus gùn ju èyí tí ó wà láàrin Tyrannosaurus àtàwa lọ. Yóò sì mọ̀ pé gbogbo ìtàn ènìyàn, ti Oòduà, ti Kétu, ti Páríìsì, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ọ̀rọ̀ inú àpótí jẹ́ Yorùbá, kí Faransé tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn yìí ti ń ṣe. Àwọn kan ní èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n dán an wò lójú yín. Ààlọ́ o! Ọ̀jẹun kan wà, eyín rẹ̀ lé ní 500, kò jẹ ẹran rí. Ewé ilẹ̀ ni ó ń fi ẹnu gbá bí ẹni ń gbálẹ̀. Kí ni o? Nigersaurus ni. Ààlọ́ o! Ó gbé inú òkun, kì í ṣe ẹja. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò gbé inú igbó. Kí ni o? Àbùùbùtán Tógò ni. Èdè tí ó mọ ọ̀nì, awọ́nríwọ́n, erinmi àti àjànàkú, tí àwọn ọdẹ rẹ̀ ń kì ẹranko kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń kì ọba, kò lè jẹ́ aláìní níwájú dínósọ̀. Àwa tí à ń sọ ọ́ ni ọ̀lẹ bá dé. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ àlọ́ fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí àwọn àgbà tún un ṣe. Ẹ ó rí i pé kí ọ̀nà náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé iye ọdún wọ̀nyí tako ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ilé ìjọsìn, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ wa yóò fi ṣe ìdánwò bakaloréà kò ní dúró dè wá. Òbí tí ó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ bí àwọn méjèèjì ṣe bára mu, ojú ọ̀nà gígùn yẹn ni ibi tí ó dára jù láti sọ ọ́.

Lórí ọ̀kan ni mo fi dúró gbọn-in pẹ̀lú àwọn àgbà tí wọ́n tako eré náà: a kò gbọdọ̀ fi àpótí kan pamọ́ sínú igbó orò, sí ojúbọ, tàbí sí itẹ́ òkú. Bí eré bá ń mú ọmọ wọ ibi tí baba rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀, a ti fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọ, a sì ti fi tòsì ba á jẹ́. Kí a gba àṣẹ lọ́dọ̀ baálẹ̀ àti onílẹ̀ kí a tó gbé ohunkóhun kalẹ̀. Kí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára àpótí kọ̀ọ̀kan, nítorí ní ìlú òyìnbó, ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ọlọ́pàá sé ọ̀nà mọ́ nítorí àpótí tí wọ́n ṣì pè ní bọ́ǹbù. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀. Òfin eré náà gan-an kò fàyè gba rírì í mọ́lẹ̀. Níbi tí kò bá bójú mu láti gbé àpótí sí, bí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ibi ìwakùsà Onígbólò, irú eré náà kan wà tí kò ní àpótí rárá, tí wọ́n ń pè ní EarthCache. Ọdún 2004 ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òkúta ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé e kalẹ̀. Ènìyàn yóò dé ibẹ̀, yóò wo òkúta náà láti ojú ọ̀nà, yóò sì dáhùn ìbéèrè nípa rẹ̀. Kò sí ohun tí yóò mú kúrò níbẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò fi sílẹ̀ bí kò ṣe ipasẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì fi owó dẹ́rù bà wá. GPS kò jẹ kírédì. Ohùn sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ alágbèéká ń gbà, kò ná ni ní ohunkóhun, ẹ̀rọ kan sì tó fún ẹbí kan. Ike bọ́tà tí a fọ̀ tí a sì dé dáadáa yóò ṣe iṣẹ́ àpótí. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ère rọ́bà láti òkèèrè, kí a gbé e fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Kétu, kí wọ́n gbẹ́ Sarcosuchus àti Ouranosaurus kéékèèké fún wa. Ọwọ́ tí ó ti gbẹ́ ọ̀nì láti ìran dé ìran kò ní kùnà níwájú ìbátan ńlá ọ̀nì. Ère rọ́bà yóò fọ́ láàrin ọdún kan, yóò sì di ìdọ̀tí ní etí odò. Èyí tí a gbẹ́ yóò wà, owó rẹ̀ yóò sì wà nínú ìlú.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà ìpàdé tí ń bọ̀, wọn yóò bi yín pé: ṣé kí a rà á, tàbí kí a fi í sílẹ̀? Ẹ má dáhùn bí wọ́n ti bi yín. Ẹ ní kí a ṣe é fúnra wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo sì ń wò jù, nítorí ẹ̀yin ni ẹ mọ ẹ̀rọ náà lò, ẹ̀yin ni ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa Gadoufaoua àti Hahotoé ní Faransé kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá àgbà yín. Kí ẹnì kan nínú yín gba àbùùbùtán Tógò, kí ẹnì kan gba Nigersaurus, kí ẹnì kan gba òkúta Onígbólò. Ẹ mú àlọ́ kọ̀ọ̀kan wá sí ìpàdé. Bí ẹ bá mú àlọ́ méje péré wá, ọ̀nà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò sì sí ẹni tí yóò tún lè sọ pé eré òyìnbó ni.